Bọ́ Ọ, Kí Ó Sinmi: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàgbà Abọ́dúndé Àlàmú Àrówólò (1929–2011)

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, àti ẹ̀yin ará ọjà Abossey Okai tí ẹ ti ìsọ̀ yín nítorí wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ fi ara balẹ̀ díẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ kà fún yín kò gùn tó ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Akra, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wà nínú rẹ̀. Ìtàn ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti kọjá níwájú pósí yóò ti rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá gbé lọ. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń bi ara wọn lábẹ́lẹ̀ pé ṣé àwọn ọmọ gbàgbé èkejì ni. A kò gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí láti ìdí ni a ti ń gun igi.

A bí Alàgbà Abọ́dúndé Àlàmú Àrówólò ní ọdún 1929, ní abúlé Àrówólò lọ́nà Ajáàwà, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà wí ni pé wọ́n ń ṣe ọdún iṣu tuntun lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọmọ náà ní Abọ́dúndé. Bàbá wọn ni Àrówólò Àjàní, àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá wọn ni Àṣàbí, ẹni tí ń ṣe òrí tà. Ìyá Àṣàbí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kọjá lára etí wọn. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń ti oko bọ̀, tí ìyá náà sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, wọn a máa fi ìró ẹsẹ̀ mọ ti ọmọ wọn. Wọn a ní, "Àlàmú ti dé, ẹ bu omi fún un." Wọn kì í sì í ṣì í.

Ní ọdún 1937, Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi ń rìn bọ̀, orin ni wọ́n sì máa ń kọ lọ́nà. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìwé dúró. Ní ọdún 1947 ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn mú wọn wá sí ilẹ̀ yìí, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Góòlù Kóòsì. Wòsìwòsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lórí káàkiri àwọn ìletò: abẹ́rẹ́, jígí, ọṣẹ, ìyarun. Bàbá máa ń fi yangàn pé kò sí ìletò tí kẹ̀kẹ́ dé tí àwọn kò fi ẹsẹ̀ dé ṣáájú. Nígbà tó yá, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Kokomlemle níhìn-ín ní Akra, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́.

Ní ọdún 1956 ni wọ́n gbé Àrínọlá Àkànkẹ́ níyàwó ní ìlànà ìjọ. Ọmọ Ìrẹsà ni Ìyá wa, aṣọ ni wọ́n ń tà, aṣọ ni wọ́n sì gbà pé ó lè tún ohun gbogbo ṣe. Ọmọ ń sunkún, wọ́n á fi aṣọ pọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n á fi aṣọ dí i. Àga ń mì, wọ́n á ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa tó padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1966, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ já ya bá Bàbá níwájú ìsọ̀ wọn. Ọlọ́run dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí ojú egbò jinná, wọ́n júwe Ataa Tẹ́tẹ̀ fún wọn. Ọmọ Gã ni, àwọn tí ń fi Ataa pe bàbá, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń gbẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tí ogun Bọ́mà sọ di ẹlẹ́sẹ̀ kan, àti àwọn tí mọ́tò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ataa Tẹ́tẹ̀ gbẹ́ ẹsẹ̀ igi kan fún Bàbá, wọ́n gbẹ́ ihò sí òkè rẹ̀ tí kùkùté ẹsẹ̀ yóò máa wọ̀, wọ́n sì fi awọ so ó mọ́ itan.

Ohun kan wà tí Bàbá kò ṣe. Wọn kò ránṣẹ́ sílé. Wọ́n bẹ gbogbo ará ìlú wa tó wà ní Akra pé ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sílé kò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá Àṣàbí. Wọ́n ní ìròyìn ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí opó. Àwọn fúnra àwọn ni yóò rìn lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ń yí, wọn kò lọ. Fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, fọ́tò àjókòó, pẹ̀lú tábìlì níwájú àti aṣọ funfun tó bo tábìlì náà dé ilẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi lọ ni pé ẹsẹ̀ náà ń dùn wọ́n. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á. Kùkùté ẹsẹ̀ a máa rù bó bá pẹ́. Ti Bàbá rù, ihò igi kò sì bá a rù. Ẹsẹ̀ wá ń rì wọ inú igi ju bó ti yẹ lọ, eegun kan tó yọ gọnbu lẹ́bàá orúnkún sì ń gún igi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹlẹ̀. Ìyá wa rí i, wọ́n sì lo oògùn tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ki àkísà rírọ̀ sínú ihò náà. Nígbà tí kò gbọ́, wọ́n fi àrán kún un. Nígbà tí àrán kò gbọ́, wọ́n gé etí ìborùn. Bí aṣọ ti ń rọ̀ sí i ni ẹsẹ̀ ń há sí i.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Yorùbá tí ilé rẹ̀ ń jó, bí o bá kí i, "A dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ wí kó tó bu omi. Ataa Tẹ́tẹ̀, tí ń pe Yorùbá ní Alátà bí gbogbo Gã, a béèrè pé, "Alátà, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Bàbá a ní, "A dúpẹ́, Ataa." Lójú Bàbá, ẹni tó fún ọ lẹ́sẹ̀, o ò gbọdọ̀ sọ fún un pé ẹsẹ̀ tó fún ọ ń bù ọ́ jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń lọ títí di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 1969. Ọjọ́ náà ni ìjọba ilẹ̀ yìí kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọdọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wa kò ní ìwé kankan. Ta ló ń gba ìwé nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà èwe? Àwọn tó ti bímọ síhìn-ín, tí wọ́n sìnkú síhìn-ín, ń kó bẹ́ẹ̀dì sójú títì, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀. Alájọgbé ń bá alájọgbé di ẹrù pẹ̀lú omijé. Ẹlòmíràn sì ń dúró de yàrá tí yóò ṣófo. A kò kọ èyí láti bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó há bí ọ̀fun ni, gbogbo wa ló gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn àgbà ìlú wa wá bá Bàbá. Wọ́n ní, "Abọ́dúndé, má da ara rẹ láàmú. Bí a bá délé, àwọn ọ̀dọ́ yóò pọ̀n ọ́ wọ abúlé." Bàbá dáhùn pé, "Ẹ̀yìn ìyá mi nìkan ni mo tíì gùn wọ abúlé yẹn. Bí n kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara mi dé iwájú Ìyá, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo sì dìde, ẹ fi mí sílẹ̀ ní Lómè." Ìyá wa ní kò sí àwàdà nínú ohùn wọn.

A kì í kúrò ní ìlú láì dágbére fún olóore. Nítorí náà, Bàbá àti Ìyá wa mú ìró aṣọ kan, wọ́n lọ kí Ataa Tẹ́tẹ̀. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní, "Ataa, wọ́n ní ká máa lọ. A wá dágbére. A dúpẹ́ ẹsẹ̀."

Ataa Tẹ́tẹ̀ kò wo aṣọ. Ọwọ́ tó di ilẹ̀kùn mú ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Rìn dé ìdí máńgòrò yẹn kí n rí ọ."

"Ẹ má ṣèyọnu, Ataa. A dúpẹ́."

"Mo ní kí o rìn."

Bàbá rìn. Ojú wọn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi gbé gbogbo ara. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ataa Tẹ́tẹ̀ ti àpótí sí wọn nídìí, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ihò rẹ̀, wọ́n fa àkísà kan jáde. Wọ́n tún fà, àrán tẹ̀ lé e. Wọ́n tún fà, etí ìborùn ń bọ̀ gbọọrọ bí ẹni ń fa ìfun ẹja.

"Alátà, ẹsẹ̀ ni mo gbẹ́ fún ọ ni, àbí àpótí aṣọ?"

Ìyá wa kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ataa. Èmi ni. Mo ní kó lè rọ̀ wọ́n lára ni."

"Ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá há mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ṣé ìbọ̀sẹ̀ méjì lo máa wọ̀ sí i?" Ataa Tẹ́tẹ̀ wá kọjú sí Bàbá. "Ìwọ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ni mo ń fi ẹsẹ̀ rẹ yangàn fún. Mo ń sọ pé Alátà kan wà ní Kokomlemle tí kò ráhùn rí!"

Bàbá wo ilẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Ó ń dùn mí, Ataa. Ó ń dùn mí gan-an. Ilé ni mo sì ń lọ yìí. Ìyá mi kò mọ̀ pé wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀."

Ataa Tẹ́tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo kùkùté náà. Wọ́n béèrè pé, "Ibo ló ti ń dùn ọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Kò sí ẹsẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń dunni. Ibìkan ló ń dùn, àwọn tó kù ń bá a sunkún ni."

Wọ́n ní kí ìyàwó wá èédú wá. Ìyá wa tú etí ìró wọn, wọ́n mú ohun tó sàn ju èédú lọ jáde: tìróò, nítorí Ìyá wa kì í jáde láì lé e, àní bí ìjọba tilẹ̀ ń lé wọn. Ataa Tẹ́tẹ̀ fi òrí pò ó, wọ́n fi kun kùkùté ẹsẹ̀ yíká, wọ́n ní kí Bàbá wọ ẹsẹ̀ igi padà ní òfìfo, kí wọ́n rìn. Nígbà tí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n yẹ inú ihò náà wò lójú oòrùn. Ibòmíràn kàn dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n níbìkan, ní ẹ̀gbẹ́ òde, àmì dúdú kan wà tó tẹ̀ mọ́ igi kíki, ó dà bí ojú tó ń wò wọ́n.

Ataa Tẹ́tẹ̀ ní, "Wò ó. Igi ti sọ òótọ́ tí ẹnu rẹ kò sọ."

Wọ́n mú ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi ṣíbí, wọ́n ń họ ojú dúdú náà díẹ̀díẹ̀, nítorí igi tí a bá gbẹ́ kọjá kì í padà. Wọ́n á họ ọ́, Bàbá á wọ̀ ọ́, wọ́n á rìn, wọ́n á bọ́ ọ. Ẹnìkan tó ń kọjá lójú títì kígbe pé, "Alátà, mọ́tò yín ti ń lọ o!" Ataa Tẹ́tẹ̀ kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó lọ. Òmíràn ń bọ̀." Wọ́n gbẹ́ títí tí ojú dúdú náà fi parẹ́, tí tìróò fi tàn kálẹ̀ lára igi bí òjìji. Lẹ́yìn náà wọ́n mú àrán Ìyá wa nílẹ̀, wọ́n gé pélébé kan nínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú, lábẹ́ orúnkún, kí ẹsẹ̀ má baà máa rì mọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ibi tí ara ti lè gbẹ́rù ni kí o fi aṣọ sí. Ibi tí eegun bá yọ, àyè ni kí o fi sílẹ̀ fún un."

Bàbá dìde. Wọ́n rìn dé ìdí máńgòrò, wọ́n sì kọjá rẹ̀. Wọn kò di ohunkóhun mú. Nígbà tí wọ́n padà, Ataa Tẹ́tẹ̀ ń gbá èérún igi. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Bàbá ya ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n tún yà á. "Ó ṣì ń ta mí díẹ̀ nísàlẹ̀." Ataa Tẹ́tẹ̀ rẹ́rìn-ín. "O káre. Jókòó, ká wò ó." Wọn kò gba ìró aṣọ náà. Wọ́n ní kí Bàbá gbé e lọ fún Ìyá Àṣàbí.

A kò ní ka ti ọ̀nà fún yín, ẹnubodè Aflao títí dé Kútọnu, eruku àti ìdúró. Mọ́tò já wọn sójú títì lọ́sàn-án. Wọ́n rìn gba àárín oko iṣu. Ìyá Àṣàbí jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ọwọ́ wọn wà nínú òrí. Bí ẹsẹ̀ Bàbá ti ń dún bọ̀, ọwọ́ náà dúró.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Àlàmú ni."

Ìyá Àṣàbí kò tíì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ohùn Àlàmú ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ìyá wa ní àwọn kò mí títí Bàbá fi fi ọwọ́ ara wọn ti ara wọn dìde.

Ìyá Àṣàbí ní kí wọ́n bu omi fún un. Gbogbo abúlé wá kí wọn, Bàbá ń dìde dúró fún olúkúlùkù. Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí èrò túká, Ìyá Àṣàbí bu omi gbígbóná sínú abọ́, wọ́n mú òrí dání, wọ́n gbé e ka iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Bọ́ ọ, kí ó sinmi."

"Kí n bọ́ kí ni, Ìyá?"

"Àlàmú! Láti ọdún mẹ́ta ni o ti ń fi fọ́tò àjókòó ránṣẹ́ sí mi. Ṣé o rò pé mo rò pé wọ́n fi àtè lẹ ìdí rẹ mọ́ àga ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ìyá Àṣàbí fi òrí ra kùkùté náà, wọ́n béèrè bóyá ó ń dùn. Bàbá ní, "Ó ń dùn mí tẹ́lẹ̀, Ìyá. Ẹnìkan ní Akra ló fi àyè sílẹ̀ fún un." Láti ọjọ́ náà, kò sí àṣálẹ́ kan tí ẹnìkan nínú ilé wa kì í wí fún Bàbá pé, "Ẹ bọ́ ọ, kí ó sinmi."

Ní ọdún 1974, nígbà tí òfin náà ti rọlẹ̀, Bàbá padà sí Akra. Ataa Tẹ́tẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí, kí wọ́n tó wá ibi tí wọn yóò sùn. Wọ́n ṣí ìsọ̀ sí Abossey Okai, wọ́n kọ́lé sí Dansoman, wọ́n sì di díákónì. Bí a bá gbé èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́sẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wọn, ì báà ṣe Gã, ì báà ṣe Aṣánté, ì báà ṣe tiwa, Bàbá a ti ìsọ̀, wọn a bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀, wọn a jókòó tì í. Wọn a ní, "Má sọ 'a dúpẹ́' níbí. Ilé Ọlọ́run ni a dúpẹ́ wà fún. Sọ ibi tó ti ń dùn ọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń parí ìjà tọkọtaya. Wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ibi tí eegun ti yọ ni wọ́n máa ń wá. Kì í ṣe gbogbo ìjà ló parí. Díẹ̀ nínú àwọn tọkọtaya náà wà níbí lónìí, wọ́n jókòó jìnnà síra wọn.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2011. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni aya wọn, Ìyá Àrínọlá Àkànkẹ́. Àwọn ọmọ wọn, Adéníkẹ́, Tinúkẹ́ àti Adéwùyì. Àwọn ọmọ-ọmọ tí Yorùbá wọn máa ń pàdé èdè Twi lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jọ ń bọ̀ wá sílé. Àti Abena, ọmọ Ataa Tẹ́tẹ̀, tí Bàbá kì í pè ní ẹlòmíràn bí kò ṣe àbúrò.

Nígbà tí a ń múra òkú, àwọn àgbà tó ti ilé wá ní kí a wọ ẹsẹ̀ náà fún wọn. Wọ́n ní a kì í sin àgbàlagbà lábọ̀, àti pé báwo ni yóò ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Àwa ọmọ kò mọ èyí tí à bá ṣe. Ìyá Àrínọlá jẹ́ kí gbogbo wọn sọ tiwọn tán. Wọ́n wá ní, "Gbogbo yín lẹ ń wí pé kó sùn re. Ta ló ń wọ ẹsẹ̀ sùn?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ẹsẹ̀ náà wà nílé ní Dansoman, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tí Bàbá máa ń gbé e sí.

Ẹnu Ìyá Àrínọlá ni a ti gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n wà níbẹ̀ ní Akra, wọ́n wà níbẹ̀ lábúlé. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, ti Ìyá Àṣàbí ni, àwa kàn ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni.

Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú. A ti bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ sùn re o.